Eyín Tó Dákẹ́ Kọ́ Ló Gbádùn

Ọmọ mi, ṣé o rántí ọjọ́ tí eyín rẹ kọ́kọ́ ká? O kó òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, o dì wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, o sáré lọ sẹ́yìnkùlé, o jù ú sórí páànù. Láti ọjọ́ náà lo ti ń fọwọ́ bo ẹnu, kí aláǹgbá má baà rí àlàfo náà. Wọ́n ti sọ fún ọ pé bí aláǹgbá bá fojú kàn án, eyín mìíràn kò ní hù. Nígbà tó hù, o dúpẹ́ lọ́wọ́ òrùlé.

Òrùlé kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Eyín ọmọdé jẹ́ 20, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún 6. Ti àgbà jẹ́ 32. Èyí tó bá lọ nínú wọn, ó lọ pátápátá nìyẹn. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, mẹ́ta ti lọ nínú tèmi. Àwọn aládùúgbò ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Èmi tí mo ni ẹnu mọ ohun tó jẹ ẹ́. Ìgbéraga jẹ méjì, ìwàdùwàdù jẹ ìkẹta. Jókòó, kí n rò ó fún ọ.

Ìyá mi ta pákò ní Ọjà Ọba, n'Ìbàdàn. Bó o bá dé ìdí igbá rẹ̀, wàá rí orin ata tó máa ń ta ahọ́n, wàá rí orin ayán, wàá rí pákò Ìjẹ̀bú, wàá rí gbòǹgbò ewúro fún ẹni tí kò bẹ̀rù ìkorò. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi ẹnu rẹ̀ ṣeré. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, pákò ti wà lẹ́nu rẹ̀. Á rún orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí òwú, á wá máa fi tọ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, tinú tẹ̀yìn. Bó o bá kí i nígbà yẹn, orí lásán ló máa mì sí ọ. Oníbàárà àkọ́kọ́ á dúró. Iná ìdáná á dúró. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, eyín ara rẹ̀ ló fi ń ha àgbàdo sísun.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀ yẹ irú pákò bẹ́ẹ̀ wò ní nǹkan bí ọdún 1971, wọ́n sì rí i pé oje inú wọn lágbára lórí kòkòrò àìfojúrí. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́nu ìyá mi ju oje igi lọ. Sùúrù ni.

Ìwọ ńkọ́? Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ wò ọ́ rí. Búrọ́ọ̀ṣì wọlé, búrọ́ọ̀ṣì jáde, ó parí. Ọwọ́ kan di fóònù mú, ọwọ́ kejì ń ha eyín bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò tó jóná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Irú ìhakúha bẹ́ẹ̀ ló ń lé erìgì sẹ́yìn. Ìdí eyín á yọ síta, omi tútù á wá máa ta ọ́ lẹ́nu bí abẹ́rẹ́.

Ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀. Ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ fluoride sí lára. Èròjà yẹn ló ń mú kí eyín le. Fi ìṣẹ́jú 2 fọ̀ ọ́, jẹ́jẹ́, pàápàá níbi tí eyín àti erìgì ti pàdé. Fọ ahọ́n náà. Tu ìfófòó rẹ̀ dànù, má sì fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu lẹ́yìn náà, kí ọṣẹ lè ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bó bá tó oṣù 3, tàbí tí irun búrọ́ọ̀ṣì bá ti fẹ́ bí ìgbálẹ̀ àlòkù, jù ú nù. Bí pákò bá wù ọ́, rún un lọ́sàn-án. Àmọ́ ó ṣòro kó dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn eyín, má fi rọ́pò ọṣẹ.

Àárọ̀ nìkan kò sì tó. Itọ́ ni ọlọ́dẹ ẹnu. Lójú mọmọ, ó ń ṣan eyín, ó ń rọ ohun tó kan lójú. Lóru, ọlọ́dẹ á tòògbé: itọ́ á dín kù, ẹnu á gbẹ. Ẹni tó jẹ àkàrà òyìnbó tán tó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì láìfọnu, ó ṣílẹ̀kùn fún olè, ó tún tẹ́ní fún un.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan máa ń wá sí àdúgbò wa, ó ní òun ń yọ kòkòrò eyín. Á fín èéfín sí èèyàn lẹ́nu, á ní kó tutọ́ sínú abọ́ omi, á wá nàka sí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ tó léfòó. A ó pariwo. A ó sanwó. Lọ́sẹ̀ kejì, eyín náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ekòló nínú eyín, ọmọ mi. Àwọn tó ń bẹ níbẹ̀ kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, ẹnu gbogbo wa ni wọ́n sì ń gbé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n á so mọ́ eyín bí ewéko tó ń yọ̀ lára odi kànga. Bó o bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà jẹ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń yà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìkan yẹn ló ń yọ́ èèpo eyín díẹ̀díẹ̀. Èèpo náà le ju eegun lọ, kò sí ohun tó le tó o ní gbogbo ara. Ṣùgbọ́n bí ihò bá ti lu ú, kò lè hù padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe POS ní ìkóríta. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ tábìlì rẹ̀. Bó bá dá oníbàárà kan lóhùn, á fẹnu kàn án. Bó bá ka owó tán, á fẹnu kàn án. Mo bá a wí. Ó ní, "Màmá, ìgò kan péré ni mò ń mu lóòjọ́!" Òótọ́ ni, ìgò kan. Ṣùgbọ́n ó fẹnu kàn án lógún ìgbà, ogún ìgbà náà ni ìkan bo eyín rẹ̀. Itọ́ á lò tó ìdajì wákàtí kó tó tún ibẹ̀ ṣe. Kó tó ṣe tán, òmíràn ti dé. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tí dókítà ka ihò mẹ́rin sí i lẹ́nu. Bó o bá máa mu ún, mu ún mọ́ oúnjẹ, kó tán lẹ́ẹ̀kan, kó o fi omi lé e.

Wàyí o, ìtàn tèmi. Àmì dúdú kékeré kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Omi tútù ta mí níbẹ̀. Mo yí oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ó dákẹ́. Mo ní ó ti san nìyẹn.

Eyín tó dákẹ́ kọ́ ló gbádùn. Bí ihò kò bá tíì dé ibi tí ẹ̀mí eyín wà, kì í sábà dun ni. Ìgbà yẹn gan-an ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù. Wọ́n á gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á dí i, wàá ti délé kí ọbẹ̀ tó jinná. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Bàbá rẹ ní kí n lọ. Mo ní, "Èmi? Èmi ìyá ọlọ́jà, kí n lọ la ẹnu sílẹ̀ níwájú ọmọ kékeré kan nítorí eyín lásán?"

Kò pẹ́, akokoro dìde. Wọ́n ní kí n fi aáṣà sí i, mo fi sí i. Wọ́n ní iyọ̀, mo fi sí i. Wọ́n ní kẹrosíìnì, èyí náà kò yẹ̀ mí. Aládùúgbò kan gbé omi bátìrì ọkọ̀ dé, ó ní ó máa pa á kú. Bàbá rẹ ló gbà á dànù. Àṣé omi yẹn ì bá bó erìgì mi, ì bá jó ahọ́n mi. Lóru, mo ń yí ilé ká bí ọdẹ. Nígbà tí ojú wá já mi, tí mo wọ́ ara mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n yọ méjèèjì. Ọmọ kékeré tí mò ń sá fún náà ló yọ wọ́n. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." Ojú tì mí.

Ìwọ á rò pé mo kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tètè lọ díẹ̀. Dókítà ní, "Màmá, a lè gba èyí là. A ó fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, a ó dí i. Ẹ máa padà wá bí ẹ̀ẹ̀mẹta." Mo wo aago. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ kejì. Mo ní, "Yọ ọ́, kí n máa lọ." Ó bẹ̀ mí. Mo fárígá. Ó yọ ọ́.

Ọmọ mi, n kò rántí ohun tí mo tà lọ́jà ọjọ́ náà mọ́. Eyín yẹn ni mò ń rántí ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ti abọ́ oúnjẹ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dagun sínú àlàfo. Èyí tó wà lókè ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni fẹ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹran bá wà nínú ọbẹ̀, mo ń gé tèmi wẹ́wẹ́ bí ti ọmọ ọwọ́.

Èmi tiẹ̀ rí ẹ̀mí gbé. Awakọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí eyín ń ro. Ó yà sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní kápúsù, ó lò ó ọjọ́ méjì, ó san, ó pa ìyókù tì. Oṣù kejì, ó tún rà. Ìgbà kẹta, ó tún rà. Ìgbà kẹrin, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ó le bí pákó. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Kò lè gbé itọ́ mì. Òru ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní díẹ̀ ló kù kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí. Wọ́n là á, wọ́n fa ọyún jáde lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì yọ eyín tó fà á. Kápúsù ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àrùn nínú yàrá ni, kò lé e jáde nílé. Bí eyín bá ro ọ́ tí ọrùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, tí ibà dé, tí ẹnu kò là dáadáa, tí itọ́ kò lọ, má dúró di àárọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tún ní ìgbéraga tiyín. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ọmọ àbúrò bàbá rẹ rí i pé àwọn ọmọge ń wá ohun ìṣígò. Ó ní, "Ẹ gbé e wá!" Ó ki ìgò bọ ẹnu. Ọmọrí ìgò já, ìdajì eyín iwájú bá a já. Àwọn ọmọge rẹ́rìn-ín títí. Òun nìkan ni kò lè la ẹnu rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ náà. Eyín kì í ṣe òòlù. Má fi ṣígò, má fi fọ́ ẹ̀kùrọ́.

Ọmọbìnrin kan náà wà tó ń wá èjí. Eyín rẹ̀ tò bí àgbàdo tó gbó dáadáa, kò dùn mọ́ ọn. Ó sanwó fún ẹnì kan tó fi fáìlì ha àárín rẹ̀. Èjí yọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, atẹ́gùn lásán ń ta á lẹ́nu. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún léjí, kó fi ṣe fújà. Ẹni tí kò fún, kó má fi fáìlì wá a.

Èyí tó sì ń fi èédú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbo eyín nítorí ohun tó rí lórí fóònù, kó gbọ́ tèmi. Eyín funfun lẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ èèpo eyín pọ́n láti ọ̀run wá. Bó o bá ṣe ń bó èèpo náà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ́n sí i.

Jẹ́ kí n wá sórí erìgì, ẹran tó di eyín mú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ nígbà tó o ń fọnu, ẹ̀rù á bà ọ́, wàá fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ ló ń mú un ṣẹ̀jẹ̀. Máa rọra fọ̀ ọ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò dá, lọ rí dókítà. Bí ìdọ̀tí bá pẹ́ níbẹ̀, á di òkúta. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣí i mọ́, irinṣẹ́ dókítà ló ń ha á. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ̀ láti ṣe é. Ó ní bí wọ́n bá fọ eyín ní ilé ìwòsàn, á máa mì. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, bí àgbàrá bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lọ, tí pàǹtí dí ojú rẹ̀, ọjọ́ tó o bá kó pàǹtí kúrò lo máa rí i pé ilé ń mì. Ṣé pàǹtí ló wá gbé ilé dúró?" Nígbà tí yóò fi gbà, eyín mẹ́rin ti ń jó lẹ́nu rẹ̀ bí èèkàn inú ẹrẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, ìyẹn sì tún le koko: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń ba erìgì jẹ́, erìgì tó bàjẹ́ kì í jẹ́ kí ṣúgà lọ sílẹ̀. Sìgá náà ń ba erìgì jẹ́. Aboyún náà ní láti tọ́jú tirẹ̀ gidigidi, torí erìgì máa ń tètè wú nínú oyún.

Ibẹ̀ náà ni ẹnu rírùn sábà ti ń wá. Nígbà mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kan, ọmọkùnrin tó fẹ́ gbé ìyàwó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Nígbà tó la ẹnu, àǹtí ìyàwó fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Ọmọ ilé rere ni, kò sẹ́ni tó lè wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á sí kọ̀rọ̀ lálẹ́. Ọmọ náà kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi." Kò ra súwíìtì fi bo ẹnu, ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ha òkúta ìdí eyín rẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ahọ́n. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí. Ẹni tó gbọ́ ìbáwí nìyẹn.

Bí ìwọ náà bá bímọ, bí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ, ní nǹkan bí oṣù 6, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ọṣẹ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ títí yóò fi pé ọdún 3. Má fi ìgò mílíìkì sí i lẹ́nu sùn. Bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ṣe é, má sọ pé eyín ló ń hù. Gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwàdùwàdù kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kíkorò ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 2008, àwọn òbí ń fún ọmọ ní omi oògùn kan torí eyín tó ń hù. Èròjà olóró ti wọ inú rẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ náà kọṣẹ́, ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Eyín tí kò pa ẹnikẹ́ni, oògùn rẹ̀ pa wọ́n.

Egbò erìgì lára ọmọ tí kò jẹunre kánú, tí ìta ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, kì í ṣe ohun à ń dúró wò. Ó lè jẹ́ àrùn tí wọ́n ń pè ní noma, tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti 1999 ni ilé ìwòsàn kan ti wà fún un ní Sókótó.

Bí ọ̀kadà tàbí bọ́ọ̀lù bá gbá eyín àgbà yọ lẹ́nu rẹ, má jù ú sórí páànù. Di orí rẹ̀ mú, má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, má ha á. Fi sínú mílíìkì tútù, kó o sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kí wákàtí kan tó pé. Ó lè padà sípò. Ibi tí mo ti fàyè gba ìyára nìyí o.

Yàtọ̀ sí èyí, rọra. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, jẹ́ kí dókítà wo ẹnu rẹ, bí kò tilẹ̀ dùn ọ́. Ọmọ kékeré ni yóò wò ọ́, kí i dáadáa, kó o la ẹnu.

Ilẹ̀ ti ṣú. Mo rí àkàrà òyìnbó tó o jẹ lẹ́yìn oúnjẹ, má rò pé n kò rí i. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Dìde, lọ fọnu kó o tó sùn.